Láti Bọ́lẹ̀kájà dé Ọ̀kadà: Ìtàn Tí Orúkọ Ọkọ̀ Ń Sọ

Bí ènìyàn bá dúró ní oríta ní Ìlerò ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, ariwo ọ̀kadà ni yóò kọ́kọ́ gba etí rẹ̀, kí ó tó gbọ́ ohùn ẹni tó ń polówó. Ọ̀kan ru àpò èédú, òmíràn gbé ìyá oníṣu pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, ẹ̀kẹta kó ọmọ iléèwé mẹ́ta há ara wọn lẹ́yìn. Ojú wa ti mọ́ ọn débi pé a kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Síbẹ̀, ìtàn ńlá wà nínú orúkọ tí a ń pe alùpùpù yìí, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ bá mi yẹ̀ wò.

Ọkọ̀ ojú irin kò dé Òkè-Ògùn rí. Ní ọdún 1901 tí ojú irin láti Èkó wọ Ìbàdàn, apá Òṣogbo ni wọ́n tún darí rẹ̀ sí. Ó dé ibẹ̀ ní 1907, ó sì gba Ìlọrin kọjá lọ sí Jẹ́bà. Ẹ̀yìn ni ó fi sí Ìsẹ́yìn, Òkèhò, Ìlerò àti Ṣakí. Orí alágbàárù ni ẹrù tiwa wà, lẹ́yìn náà ó bọ́ sórí kẹ̀kẹ́ ológeere, kí ọkọ̀ akẹ́rù tó gbà á.

Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ìgbà náà ni àwọn èèyàn sọ ní bọ́lẹ̀kájà. Òyìnbó ṣe ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ rẹ̀, káfíńtà wa fi pákó kan ara rẹ̀, wọ́n sì kọ òwe tàbí àdúrà sí iwájú rẹ̀. Ìjà ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ àti èrò ni ó bí orúkọ náà: bọ́ sílẹ̀ kí á jà! Orúkọ yìí tilẹ̀ wọ inú ìwé. Ní 1980, Chinweizu, Onwuchekwa Jemie àti Ihechukwu Madubuike ṣe ìwé lámèyítọ́ kan lórí lítíréṣọ̀ Áfíríkà, wọ́n sì pe ara wọn ní lámèyítọ́ bọ́lẹ̀kájà. Wọlé Ṣóyínká wà lára àwọn tí wọ́n ní kó bọ́ sílẹ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá kankan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n wọn kò rí ọ̀rọ̀ tó bá iṣẹ́ wọn mu ju tiwa lọ.

Ní àwọn ọdún 1970, owó epo rọ̀bì pọ̀, ilé-iṣẹ́ Peugeot ń to ọkọ̀ ní Kàdúná, Volkswagen ń tò ó ní Èkó. Olùkọ́ náà lè lá àlá ọkọ̀ tuntun nígbà náà. (Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni.) Nígbà tó di 1986, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP kalẹ̀, iye náírà já wálẹ̀ lójijì, ọkọ̀ tuntun sì di ohun àwòmọ́jú. Ìgbà yẹn ni Tòkunbọ̀, orúkọ ọmọ tí a bí sókè òkun, di orúkọ ọkọ̀ àlòkù. Ẹni tí kò lágbára tòkunbọ̀ ra alùpùpù. Òṣìṣẹ́ ìjọba a bọ́ aṣọ iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, a sì fi alùpùpù rẹ̀ gbé èrò kí owó oṣù lè tó jẹun.

Níbo wá ni a ti rí ọ̀kadà? Ìlú kan ni Okada ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, ìlú Olóyè Gabriel Igbinedion, Esama ti Benin. Olóyè náà dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú sílẹ̀ ní 1983, ó sì fi orúkọ ìlú rẹ̀ sọ ọ́: Okada Air. Nígbà tí àwọn ará ìgboro rí i bí alùpùpù ṣe ń gba àárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kọjá bí ẹni ń fò, wọ́n fi àwàdà pè é ní Okada. Àwọn ọkọ̀ òfuurufú náà ti kúrò lójú sánmà kí ọ̀rúndún tó parí. Àwàdà ni ó kù. Ní Kano, achaba ni wọ́n ń pè é. Ní Kútọnu, zémidjan ni, ìyẹn ni pé gbé mi kíákíá.

Ìtàn tó dùn jù ni ti oṣù Kínní 2009, tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọlọ́kadà àti èrò tí kò bá dé àṣíborí. Àṣíborí wọ́n. Àwọn ọlọ́kadà kan fi igbá gbígbẹ borí, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà, wọ́n fi okùn so ó mọ́ àgbọ̀n. Àwọn èrò náà kọ̀: wọ́n ní ta ni ó mọ oògùn tó wà nínú ohun tí ọgọ́rùn-ún orí ti wọ̀? Àwọn oníròyìn fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ohun tí orí jẹ́ fún Yorùbá kò ní yára rẹ́rìn-ín. Ohun tó dùn mí ni pé igbá kò lè gba orí lọ́wọ́ ọ̀dà títì.

Èkó ti ṣòfin mọ́ ọn: ọ̀nà 475 ni òfin 2012 lé ọ̀kadà kúrò, ìfòfindè líle mìíràn sì tún wáyé ní 2020 àti 2022. Ní tiwa, bí ẹnikẹ́ni bá fòfin de ọ̀kadà, inú oko ni iṣu yóò rà sí, nítorí mọ́tò kò gba ọ̀nà oko. Mo mọ èyí, síbẹ̀ inú mi kì í dùn bí ọmọkùnrin tí ó yẹ kó wà ní kíláàsì kejì àgbà bá dúró ní oríta tó ń pe èrò, tàbí tí mo bá rí òmíràn lọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun, tí pákó yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká.

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, owó ọkọ̀ ti fò sókè. Àwọn ìyá kan ti padà sí fífi orí ru iṣu láti oko wá sí títì, kí wọ́n tó wọ ọ̀kadà dé ọjà.