Ọmọ Tó Bá Ìjà Bàbá Rẹ̀ Nílẹ̀: Láti Àjàní Ògún Dé Ṣaworoidẹ

Àwọn tó ti kọ̀wé lórí fíìmù Yorùbá kò fẹnu kò. Ọdún 1975 ni àwọn kan kọ fún Àjàní Ògún, àwọn mìíràn kọ 1976. Ẹlòmíràn a sì fi Ìjà Òmìnira fún ẹni tí kò darí rẹ̀. Mo kó ọ̀rọ̀ wọn jọ síbí nítorí pé ìtàn kan náà ló so fíìmù méjèèjì mọ́ Ṣaworoidẹ: ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá ìjà bàbá rẹ̀ nílẹ̀, tí kò sì lè sá fún un.

Ṣáájú wọn, orí ìtàgé alárìnjò àti tẹlifíṣọ̀n WNTV tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní 1959 ni irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wà.

1976 ni mo fara mọ́ fún Àjàní Ògún. Ọwọ́ Ọlá Balógun, ẹni tó darí rẹ̀, ni Amadi, fíìmù èdè Ìgbò, ti jáde ní 1975, òun ló sì ṣáájú. Balógun kọ́ṣẹ́ sinimá ní Paris. Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ade Love, ló ṣe Àjàní. Dúró Ládiípọ̀ náà wà níbẹ̀. Ọdẹ ni Àjàní. Olóṣèlú olówó kan ti gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ojú ọ̀gbẹ́ni náà tún wà lára ọmọge tí Àjàní fẹ́ fi ṣe aya. Ṣé òun ni fíìmù Yorùbá àkọ́kọ́? Òun ni. Kongi's Harvest ti 1970 tí àwọn kan ń fà yọ, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni.

Ìjà Òmìnira ló tẹ̀ lé e. Ẹnì kan ní 1977, ẹnì kejì ní 1979. Èmi kò ní bá wọn du ìyẹn. Kókó ibẹ̀ ni pé inú Ọmọ Olókùn Ẹṣin, ìwé tí Adébáyọ̀ Fálétí gbé jáde ní 1969, ni wọ́n ti mú un. Ará Òkè-Ògùn ni Àjàyí, akọni ìtàn náà. Ìsìn tí àwọn bàbá wọn ń sin ọba Olúmokin ló bá nílẹ̀, òun ló sì dìde sí i. Ade Love ló náwó sí fíìmù náà, Balógun ló darí rẹ̀.

Òkè òkun ni wọ́n ń kó fíìmù lọ fọ̀ nígbà náà. Bó bá dé, olówó fíìmù fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e káàkiri, gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ lónìí, òtẹ́ẹ̀lì lọ́la, òun náà ni yóò sì dúró lẹ́nu ọ̀nà nítorí owó tíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti 1986, já náírà wálẹ̀, agbára kò ká irú fíìmù bẹ́ẹ̀ mọ́. Fídíò dé.

Orí fídíò ni Túndé Kèlání ṣe Ṣaworoidẹ sí ní 1999. Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìbàdàn, ló kọ ọ́. Lápitẹ́ kọ gbéré, ó kọ ìmùlẹ̀, ó sì fi ipá jọba ìlú Jogbo. Ẹni tó bá dé adé náà láìgba gbéré, bí wọ́n bá lu ìlù onísaworo létí rẹ̀, orí fífọ́ ni yóò pa á. Arẹ́sẹ̀jábàtá, tí ìjà oyè gba bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ló ni ẹ̀tọ́ sí adé. Kúnlé Afọláyan ló ṣe é, ọmọ Ade Love, ẹni tó kú ní 1996. Fálétí náà ló ṣe Baba Ọ̀pálábá nínú rẹ̀. Èmi kò gbà pé èèṣì lásán ni.

The Forgiveness of Blood, fíìmù Albania tí Joshua Marston darí ní 2011, fara jọ wọn. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà tó gba inú ilẹ̀ kọjá ló dá ìjà ibẹ̀ sílẹ̀. Aládùúgbò kú, bàbá sá lọ, Nik ọmọ ọdún 17 kò sì gbọdọ̀ yọjú síta, nítorí òfin Kanun fún àwọn olókùú láyè láti pa ọkùnrin ilé náà tí wọ́n bá rí lóde. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin kiri búrẹ́dì. Ti wa yàtọ̀: Àjàní àti Àjàyí jáde lọ bá ìjà lóde. Ohun tó bọ́ lọ́wọ́ bàbá ni wọ́n ń wá, ilẹ̀ tàbí òmìnira. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń wá lọ́wọ́ Nik.

Lẹ́yìn Agogo Èèwọ̀, àtẹ̀lé Ṣaworoidẹ, ní 2002, ọ̀rọ̀ náà kò gùn mọ́. Kúnlé ti di olùdarí. Aníkúlápó rẹ̀ dé orí Netflix ní 2022, ṣùgbọ́n Sàró ahunṣọ tó wá owó lọ sí Ọ̀yọ́ kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí bàbá rẹ̀.