Láti Ṣíṣà dé Gbígbá: Ìtàn Àpótí Ímeèlì Tó Kún

Ní oṣù kejì ọdún tó kọjá, àpótí ímeèlì mi kún dẹ́nu. Ẹni tó bá kọ̀wé sí mi, ìwé náà á padà sọ́dọ̀ rẹ̀ bí ẹrù tí kò bá onílé. Mo pe ọmọ mi obìnrin, ó ní, "Bàbá, ẹ má pa á rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́. Ẹ gbá a lápapọ̀." Ó kọ́ mi lórí fóònù: kí n tẹ àdírẹ́sì ẹni tó ń kọ̀wé sí ojú ibi ìwákiri, kí n mú gbogbo ohun tó bá jáde, kí n pa á rẹ́. Álẹ́ẹ̀tì báńkì, ìpolówó tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, ìwé ìpè sí àpérò tí wọ́n ti ṣe tán láti ọdún 2009, gbogbo rẹ̀ lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti gbá lẹ́tà tó lé ní 20,000 dànù. Mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà, bí ẹni tó san gbèsè tán.

Oorun yẹn ò tọ́jọ́. N ó sọ ìdí rẹ̀ níwájú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí mo kọ́ níṣẹ́ ìtàn mọ̀ mí: bí nǹkan bá dùn mí, orírun rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wá lọ.

Ní apá ìparí ọdún 1971 ni Ray Tomlinson, ẹlẹ́rọ kan ní ilé iṣẹ́ BBN nílùú Cambridge ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti inú kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun náà ló yan àmì @ tí gbogbo wa ń tẹ̀ títí dòní. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé ọdún kan ò tíì pé tí ẹ̀dùn ọkàn wa yìí fi bẹ̀rẹ̀. Stephen Lukasik, ọ̀gá àgbà àjọ ARPA tó ń náwó sí ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà náà, rí i pé lẹ́tà ti ń wọ́ jọ sí òun lọ́rùn. Nígbà náà, ṣe ni lẹ́tà ń tò tẹ̀lé ara wọn bí ìwé gígùn kan ṣoṣo. Ní oṣù keje ọdún 1972, Larry Roberts tó ń bá a ṣiṣẹ́ kọ ètò kan tí wọ́n pè ní RD. Ó ń to àkọlé lẹ́tà síwájú ẹni, kí ènìyàn lè ka èyí tó wù ú, kó tọ́jú u, kó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, tàbí kó fèsì.

Ẹ kíyè sí i: lẹ́tà kan ni RD ń fi lé yín lọ́wọ́, lẹ́yìn náà òmíràn. Bí ìyá wa ṣe ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ ni. Ojú ń rí i, ọwọ́ ń kàn án, òkúta lọ sápá kan, ẹ̀wà lọ sápá kejì.

Ohun tó ba ṣíṣà jẹ́ ni pé àwọn kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń da àpò ẹ̀wà sórí atẹ onílé. Lọ́jọ́ 3, oṣù karùn-ún, ọdún 1978, Gary Thuerk tó ń polówó kọ̀ǹpútà fún ilé iṣẹ́ DEC kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí nǹkan bí 400 ènìyàn lórí ARPANET. Àdírẹ́sì náà pọ̀ débi pé ibi tí wọ́n ń kọ ọ́ sí kò gbà á. Ìyókù ṣàn wọ inú lẹ́tà gan-an. Àwọn kan bínú gidigidi. Ó tà lára ọjà rẹ̀ ná. Ní oṣù kẹrin ọdún 1994, tọkọtaya agbẹjọ́rò kan láti Arizona, Laurence Canter àti Martha Siegel, lẹ ìpolówó kan mọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún gbàgede ìjíròrò lórí Usenet. Kí ni wọ́n ń polówó? Lọ́tìrì green card Amẹ́ríkà. (Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó sí kàfé lóru nítorí lọ́tìrì yẹn, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ yín.)

Àwa náà ní ìpín tiwa, kò sì yẹ kí òpìtàn fò ó. Lẹ́tà 419 ti ń gba ilé ìfìwéránṣẹ́ kọjá, pẹ̀lú sítáǹpù lórí, kí ímeèlì tó wọ̀lú wa. Ímeèlì kàn sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ ni. Nígbà tí Justin Mason gbé SpamAssassin jáde ní 2001, ètò tó ń fún lẹ́tà ní máàkì kó lè mọ èyí tó jẹ́ ìjẹkújẹ, wọ́n wá kọ òfin kan sínú rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NIGERIAN. Orúkọ orílẹ̀-èdè odindi di àmì ìfura nínú ẹ̀rọ. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo pa kọ̀ǹpútà dé.

Lẹ́yìn náà ni ìlérí ńlá dé. Lọ́jọ́ 1, oṣù kẹrin, ọdún 2004, Google ṣí Gmail pẹ̀lú àyè 1GB fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Hotmail ń fúnni ní 2MB nígbà náà, Yahoo 4MB, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀tàn ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ni. Ohun tí wọ́n ń sọ fún wa ni pé ká má pa lẹ́tà rẹ́ mọ́, ká kàn máa wá a. Èmi tó jẹ́ pé ìwé àtijọ́ ni mo fi ń jẹun, ẹ lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Àfi bí àyè yẹn náà ṣe ní òpin. Ní 2013, Google da lẹ́tà, fọ́tò àti fáìlì pọ̀ sínú 15GB kan náà, fídíò ìgbéyàwó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé lẹ́tà jáde nínú ilé.

Ibẹ̀ ni ìgbálẹ̀ ti wọlé. Ní 2010, Hotmail gbé ohun èlò kan jáde tí wọ́n pè ní Sweep. Gbálẹ̀, ìyẹn ni ìtumọ̀ rẹ̀, kò lábùlà. Ẹ yan ẹni tó kọ̀wé, gbogbo ohun tó ti kọ rí á lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ sì lè pàṣẹ pé kí èyí tó ń bọ̀ náà máa lọ. Ní Gmail, bí ẹ bá mú gbogbo ohun tó wà lójú ìwé, 50 péré ló sábà máa ń mú. Ìlà kékeré kan á wá bi yín bóyá ẹ fẹ́ mú gbogbo lẹ́tà tó bá ìwákiri yín mu. Títẹ ìlà yẹn kan ṣoṣo ló sọ 50 di 5,000. Láti ìgbà náà, a ò yan lẹ́tà mọ́. Olùfiránṣẹ́ ni à ń yàn, tàbí ọdún.

Àwọn tó ń yá ni ní ìgbálẹ̀ náà wà. Unroll.me sọ pé òun á yọ orúkọ ènìyàn kúrò lọ́dọ̀ àwọn onípolówó lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2017 ni ayé gbọ́ pé ilé iṣẹ́ tó ni ín ń ka rìsíìtì inú àpótí àwọn ènìyàn, tó yọ orúkọ wọn kúrò, tó sì ń tà á. Uber wà lára àwọn tó rà á, kí wọ́n lè mọ bí ọjà Lyft ṣe ń lọ. Ìjọba Amẹ́ríkà pè wọ́n lẹ́jọ́ ní 2019. Agbálẹ̀ tó ń ka ìwé inú ìdọ̀tí ni. Láti 2024, Google àti Yahoo ti ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ń fi ìpolówó púpọ̀ ránṣẹ́ pé kó fi bọ́tìnnì kan sí i tí a ó fi lè yọ orúkọ wa lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí dára, ó yẹ kó ti dé tipẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọ̀rẹ́ mi kan, olóògbé, tí púpọ̀ nínú yín ń pè ní Bàbá Akọ̀wé, ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wa fún ọdún púpọ̀. Ọ̀lẹ ni tó bá di ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, nítorí náà àdírẹ́sì ẹgbẹ́ ló fi ń kọ ohun gbogbo. Ìkéde ìpàdé tibẹ̀ wá. Ìbéèrè owó ẹgbẹ́ tibẹ̀ wá. Àtúnṣe tó ṣe sí orí mẹ́rin nínú ìwé mi, àti ohun tí àwọn àgbà sọ fún un nípa àwọn ilé tí wọ́n tọ́ka sí níbẹ̀, àdírẹ́sì kan náà ni. Mo yan àdírẹ́sì ẹgbẹ́, mo gbá a. Ìgbálẹ̀ ò mọ̀ pé ẹni méjì ló ń fi ẹnu kan sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo fi wá a ní oṣù kẹrin, ọgbọ̀n ọjọ́ tí lẹ́tà fi ń wà nínú àpótí ìdọ̀tí ti kọjá. N kò rí ẹni bá wí lẹ́yìn ara mi.

Mo rántí Rẹ́fúrẹ́ǹdì Samuel Johnson. Ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí atẹ̀wé ní Ìlú Ọba, ìwé náà sì sọnù sọ́hùn-ún. Ó kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un kọ látinú àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ nílé, ó sì jáde ní 1921. Ìwé tó sọnù ní ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣì ní èèpo ní ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ímeèlì tilẹ̀ sàn ju ìyẹn lọ: ẹ̀dà lẹ́tà kan náà ń gbé nínú ilé gbogbo ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Bàbá Akọ̀wé fẹ́ràn kó máa fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ràn mí lọ́wọ́ nígbà yẹn. Ọ̀kan nínú yín ti rí mọ́kànlá fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ bá mi ṣiṣẹ́ láàárín 2006 sí 2011, ẹ má tíì gbá tiyín. Ẹ má fi àdírẹ́sì ẹgbẹ́ wá a, torí ìkéde ìpàdé ni yóò bò yín mọ́lẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà "orí kẹta" tàbí "agboolé" wá a. Kì í kọ́ lẹ́tà kó má lò wọ́n. Àdírẹ́sì mi kò yí padà. Àyè sì ti wà níbẹ̀ báyìí.