ṢÉ ÌṢẸ́GUN MÁA Ń DUN ẸNI TÓ ṢẸ́GUN?

Ẹ̀yin ará wa ní Mabera, ìlú Sókótó tí à ń gbé yìí ní ìtàn tó yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, ọdún 1903, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Sókótó. Sultan Attahiru Kìíní fi ìlú sílẹ̀, wọ́n lépa rẹ̀ títí dé Burmi lọ́nà ìlà-oòrùn, wọ́n sì pa á níbẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Keje. Ǹjẹ́ ọkàn àwọn tó ṣe é dá wọn lẹ́bi?

Lugard kò fi àbámọ̀ kankan hàn. Ohun tó sọ fún àwọn ìjòyè Sókótó ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ni pé ogun ni Fúlàní fi gba ilẹ̀ náà, ogun ni Gẹ̀ẹ́sì náà sì fi gbà á. Ní ọdún 1922, ó kọ ìwé The Dual Mandate láti dá ìjọba òyìnbó láre.

Àmọ́ orí kò jọra. George Orwell ṣe ọlọ́pàá fún Gẹ̀ẹ́sì ní Burma láti 1922 sí 1927. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó kọ ìwé Burmese Days ní 1934, ó sì jẹ́wọ́ nígbà tó yá pé ọkàn òun ń dá òun lẹ́bi. Ẹ kíyè sí i: ẹ̀yìn tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ló tó kọ ọ́. Ajẹ́lẹ̀ inú ìwé Things Fall Apart, tí Chinua Achebe gbé jáde ní 1958, ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní tirẹ̀. Òkú Okonkwo wà níwájú rẹ̀, ìwé tí yóò kọ ló ń rò. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ yìí kò yọ àwa náà sílẹ̀ o. Òyìnbó díẹ̀ ló ń pàṣẹ, ọmọ ilẹ̀ dúdú ló gbé ìbọn. Haúsá àti Yorùbá pọ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí Lugard bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ láti 1897. Bákan náà, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní 1892, àwọn ọmọ ogun Haúsá wà níbẹ̀, àwọn ará Ìbàdàn náà sì bá wọn lọ.

Nítorí náà, bí a bá ń sọ ìyà tí òyìnbó fi jẹ wá fún àwọn ọmọ wa, ẹ jẹ́ ká fi apá tiwa kún un. Àwa àti àwọn tó gbà wá lálejò, kò sí ẹni tó lè na ìka sí ẹnì kejì. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká dúró di ẹ̀yìn iṣẹ́ ká tó sọ òtítọ́.