Orin fayolíìnì tí ẹni tó kọ ọ́ ní kí wọ́n sọ àkọ́kọ́ rẹ̀ síná

Láti Gadumo níbí ni mo ti ń sọ̀rọ̀. Ìtàn tọ̀sẹ̀ yìí rèé.

Ní Lọ́kọ́ja níbí, ta ni ò tíì gbọ́ orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther? Freetown ni wọ́n gbé e lọ ní 1822 nígbà tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ará Freetown yẹn náà ni Dókítà Daniel Taylor tó lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti padà sí Áfíríkà kí obìnrin Òyìnbó kan tó bí ọmọ rẹ̀ níbẹ̀ ní 1875. Samuel Coleridge-Taylor lọmọ náà. Ọ̀dọ̀ ẹbí ìyá ló dàgbà sí, ní Croydon. Ọmọ ọdún 15 ló wọ Royal College of Music, fayolíìnì ló sì lọ kọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ gòjé, ìbátan rẹ̀ ni.

Ó di gbajúmọ̀. Ní 1905, ó kó orin àwọn ènìyàn dúdú 24 jọ fún dùùrù. Orin Yorùbá kan, Oloba, wà nínú ẹ̀.

Nígbà tó yá, olówó kan ní Amẹ́ríkà, Carl Stoeckel, ní kó kọ concerto fún fayolíìnì, kí Maud Powell lè ta á níbi àjọ̀dún orin ní Norfolk, Connecticut. Concerto yẹn, ẹ wò ó bí ìyá ìlù láàárín omele: fayolíìnì ló ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù ń gbè é.

Orí orin àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ gbé e kà. Ó parí ẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Àmọ́ nígbà tó wò ó dáadáa, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ránṣẹ́ pé kí wọ́n sọ ọ́ síná, ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Kì í ṣe pé ó kẹ́gàn orin àwọn èèyàn ẹ̀ o. Òun kan náà ló kó 24 jọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn tara ẹ̀ ló fẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Apá mẹ́ta ni tuntun náà ní. Èkíní wọlé tòun ti agbádá, ó ń yan. Ìkejì rọlẹ̀ bí ìgbà tí ìyá ń rẹ ọmọ. Ẹ̀mí ẹni á balẹ̀. Ìkẹta ń sáré, ó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún, àmọ́ kó tó parí, orin ọlọ́lá ìbẹ̀rẹ̀ tún padà dé. Fayolíìnì yẹn kì í fi ìka yangàn lásán, orin ló ń kọ.

Oṣù kẹfà 1912 ni Powell ta á. Coleridge-Taylor ò sí níbẹ̀, Croydon ló wà. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, òtútù àyà pa á, ọmọ ọdún 37. Oṣù kẹwàá ni wọ́n ta á ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ gbọ́: oníbàárà ń retí ọjà, ó ti wà lọ́nà pàápàá, onítọ̀hún ní kí wọ́n dà á nù torí òun fúnra ẹ̀ mọ̀ pé ó lè dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù díẹ̀ ló kù fún un láyé, kò sì mọ̀. Ká ní ó ti gbà pé “ó ti tó,” èyí tí ò tẹ́ ẹ lọ́rùn ni à bá máa gbọ́ lónìí.

Tẹ́ ẹ bá ti ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, ẹ wá apá kejì yẹn gbọ́. Ó dàárọ̀ o.