Ètò ìwúrí ìjọba fún ṣíṣọ́ iná lò ní ilé-iṣẹ́

Ètò ìwúrí fún ṣíṣọ́ iná lò ni ọ̀nà tí ìjọba ń gbà fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní owó ìrànwọ́, ìdínkù owó-orí tàbí ẹ̀yáwó tí èlé rẹ̀ kéré, kí wọ́n lè fi iná tí kò pọ̀ ṣe iṣẹ́ kan náà. A lè san ẹ̀san náà nítorí ẹ̀rọ tuntun tí kì í jẹ iná, tàbí nítorí iye iná tí a wọ̀n tí a sì rí i pé ó dín kù. Ní Nàìjíríà, ẹ̀yáwó ni irú ìwúrí tí ó lókìkí jù, ṣùgbọ́n pípèsè iná ni a fi ràn lọ́wọ́ ju ṣíṣọ́ ọ lò lọ.

Ẹ̀yáwó láti ọwọ́ báǹkì ìjọba

Tinúbú Square ní Erékùṣù Èkó, tí ó ń jẹ́ orúkọ Ẹfúnróyè Tinúbú, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká oníṣòwò, ni olú ilé-iṣẹ́ Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà (CBN) wà kí ó tó kó lọ sí Àbújá. Ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1959 ni báǹkì náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní Marina, tí kò jìnnà síbẹ̀, ni ilé BOI wà, ìyẹn báǹkì tí ìjọba fi ń ran àwọn ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́.

Ní ọdún 2010, CBN gbé bílíọ̀nù 500 náírà kalẹ̀ nípasẹ̀ BOI. Bílíọ̀nù 300 jẹ́ ti iná mànàmáná àti ọkọ̀ òfuurufú. Bílíọ̀nù 200 jẹ́ ti gbèsè àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ọjà. Nígbà náà, BOI máa ń fi owó náà ránṣẹ́ sí àwọn báǹkì oníṣòwò, àwọn náà a sì yá a fún oníbàárà. Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, èlé rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 7 nínú 100 lọ, nígbà tí èlé ọjà ju ìdá 15 lọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, Gómìnà CBN, Ọláyẹmí Cardoso, kéde pé báǹkì náà yóò yọwọ́ nínú irú ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀.

Òfin àti ìlànà

Ìlànà orílẹ̀-èdè lórí agbára àtúnlò àti ṣíṣọ́ iná lò jáde ní ọdún 2015. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, Bàbátúndé Fáṣọlá, mínísítà iná, iṣẹ́ àti ilé gbígbé, ṣe ìfilọ́lẹ̀ ìlànà ìkọ́lé tí ń dín ìlò iná kù. Kì í ṣe dandan fún ẹnikẹ́ni. Òfin owó-orí ilé-iṣẹ́ tí a ń lò kí òfin tuntun ti ọdún 2025 tó rọ́pò rẹ̀ fàyè gba ìdínkù ìdá 15 fún ẹni tí ó bá pààrọ̀ ẹ̀rọ tí ó ti gbó, ṣùgbọ́n kò béèrè iye iná tí ẹ̀rọ tuntun ń jẹ.

Ní ilẹ̀ mìíràn

Gúúsù Áfíríkà gba ọ̀nà mìíràn. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2013, ilé-iṣẹ́ ń yọ sẹ́ńtì 45 kúrò nínú èrè tí a ó bu owó-orí lé fún kílówáàtì-wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ó bá dín kù. Ó di sẹ́ńtì 95 ní ọdún 2015. Àwọn awọ̀n-ná tí ó ní ìwé-àṣẹ ní láti jẹ́rìí sí i. Ní Bírítéènì, láti ọdún 2001 sí 2020, ilé-iṣẹ́ lè yọ gbogbo owó ẹ̀rọ tí ó wà nínú àkójọ ìjọba kúrò nínú èrè ọdún tí ó rà á.

Owó iná gẹ́gẹ́ bí ìwúrí

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó iná àwọn oníbàárà Band A, tí ó yẹ kí wọ́n rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, gòkè láti nǹkan bí náírà 68 sí 225 fún kílówáàtì-wákàtí kan, kí a tó dín in kù díẹ̀ ní oṣù kejì rẹ̀. Ọ́fíìsì tí ó bá dín kílówáàtì-wákàtí 10 kù lójúmọ́ ń fi náírà 680 pamọ́ tẹ́lẹ̀. Ní iye 225, ó di 2,250. Èrè ṣíṣọ́ iná lò ti pọ̀ sí i láìsí ẹ̀bùn ìjọba, ṣùgbọ́n owó ẹ̀rọ tuntun ni a kọ́kọ́ ń san. Ibẹ̀ ni ẹ̀yáwó eléèlé kékeré ti wúlò jù fún oníṣòwò tí kò ní owó lọ́wọ́.