Ìtàn Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Onílẹ́tà Márùn-ún tí ó Parí sí -ough àti Ẹ̀kọ́ tí ó Kọ́ Olùkọ́ Èdè

Ìfáárà

Nígbà kan tí a lọ wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa níbi ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, a jókòó sẹ́yìn kíláàsì kan nígbà tí àpèkọ ń lọ lọ́wọ́. Ọmọ kan kọ cough ní k-o-f. Olùkọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà béèrè ìdí tí a fi ń kọ lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kì í pè. Èsì tí ó gbà ni pé bẹ́ẹ̀ ni Òyìnbó ṣe ń kọ ọ́. Àwa tí a lọ yẹ olùkọ́ wò pàápàá kò ní èsì tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè ọmọ yẹn ni iṣẹ́ yìí dá lé. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ márùn-ún, ìró mẹ́rin

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a yàn ni cough (ikọ́), rough (ohun tí ara rẹ̀ kò dán), tough (ohun tí ó yi), dough (ìyẹ̀fun tí a pò fún búrẹ́dì) àti bough (ẹ̀ka igi). Lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́nu, mẹ́ta àkọ́kọ́ parí sí ìró f, dough àti bough kò sì ní kọ́ńsónáǹtì kankan ní ìparí. Fáwẹ́lì rough àti tough bára mu. Ti mẹ́ta yòókù yàtọ̀ síra. Ìró mẹ́rin ni ó fara pamọ́ sábẹ́ sípẹ́lì kan ṣoṣo.

Ibi tí wọ́n ti wá

Kí àwọn Norman tó ṣẹ́gun England ní 1066, rough jẹ́ ruh, tough jẹ́ toh, dough jẹ́ dag, bough sì jẹ́ bog tàbí boh. Ìbátan dag yìí ni Teig tí àwọn ará Jámánì ń lò títí dòní. Ó hàn pé inú ilé kan náà kọ́ ni wọ́n ti jáde.

Wọ́n ń pe h tí ó wà ní ìparí ruh àti toh nígbà náà. Ọ̀nà ọ̀fun ni ìró náà ti ń wá, bíi khā inú èdè Lárúbáwá. Àwọn aṣojú tí ó gbọ́ Ígbò yóò rí i pé gh inú ghọta kò jìnnà sí i. Lẹ́yìn 1066, àwọn akọ̀wé tí ó kọ́ ìlànà ìkọ̀wé Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í lo gh fún ìró yìí, wọ́n sì ń lo ou fún fáwẹ́lì gígùn.

Nígbà tí ó yá, ìró náà kú. Ní àwọn agbègbè kan, ó pòórá pátápátá; ní ibòmíràn, f gba ipò rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo ayé wá ń kọ́ mú nínú méjèèjì. Ìdí nìyí tí tough fi ní f tí bough kò sì ní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fáwẹ́lì kan náà ni toh àti boh ní látilẹ̀wá.

Ní 1476, William Caxton gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọ Westminster. Sípẹ́lì bẹ̀rẹ̀ sí í le nígbà tí ẹnu àwọn ènìyàn ṣì ń yí padà. Nígbà tí Samuel Johnson fi gbé ìwé atúmọ̀-èdè rẹ̀ jáde ní 1755, gh ti di ibojì ìró tí ó ti kú. Síbẹ̀, àyípadà kì í ṣe èèwọ̀. Dwarf, tí ó jẹ́ dweorg tẹ́lẹ̀, ti gba f sínú sípẹ́lì rẹ̀; Noah Webster ní Amẹ́ríkà sì fara mọ́ plow dípò plough.

Àfiwé pẹ̀lú Yorùbá

Ọ̀nà mìíràn ni Yorùbá gbà. Ìpàdé àwọn ìjọ CMS ní Èkó ní 1875 fi ìpìlẹ̀ àkọtọ́ wa lélẹ̀. Ní 1974, ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní: aiye di ayé, ẹiyẹ di ẹyẹ, nítorí pé ẹnu kò pe i náà. Ọmọ tí ó kọ k-o-f ń ṣe ohun tí àkọtọ́ èdè abínibí rẹ̀ kọ́ ọ: kọ ohun tí o gbọ́.

Àbá àti ìkádìí

A dábàá mẹ́ta. Èkíní, kí olùkọ́ fi ìró kó àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jọ: rough, tough, enough, cough, trough, dough, though, bough, plough. Èkejì, kí ó kọ́kọ́ sọ fún ọmọ pé etí rẹ̀ gbọ́ dáadáa, kí ó tó fi sípẹ́lì tí ìwé gbà hàn án. Ẹ̀kẹta, kí a fi ìtàn àkọtọ́ sínú ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la, yálà Hausa, Ígbò tàbí Yorùbá ni wọ́n ń kọ́.

Àṣìṣe ọmọ yẹn kì í ṣe ti òpè. Àwa ni a jẹ ẹ́ ní gbèsè èsì, a sì gbà pé ó yẹ kí olùkọ́ tí a bá kọ́ lọ́jọ́ iwájú lè san án.