Lẹ́tà Tó Ń Rìn: Láti Ara Mólúè dé Ojú Kọ̀ǹpútà

Kí kọ̀ǹpútà tó kọ́ lẹ́tà ní ijó, ọ̀rọ̀ ti ń rìn ní Muṣin. Ara mólúè àti dáńfó ni ó ti ń rìn. Àwọn tí ń fi ọ̀dà kọ̀wé sára ọkọ̀ mọ̀ pé òǹkàwé àwọn kì í dúró: ẹni tí ń sáré gun bọ́ọ̀sì ní Ìdí-Òrò ni, tàbí ẹni tí ọkọ̀ ré kọjá lójú ọ̀nà Agége. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ti tó wọn. Wọn a mú lẹ́tà nípọn, wọn a kun òjìji sí i lẹ́yìn, kí ojú lè tètè gbà á.

Ní 1959, ọdún tí tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, Saul Bass, ará Amẹ́ríkà, mú orúkọ àwọn òṣèré gòkè sọ̀ kalẹ̀ lára ilé gíga níbẹ̀rẹ̀ fíìmù North by Northwest. PowerPoint jáde ní 1987. Microsoft rà á lọ́dún náà. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, olùkọ́ àti oníwàásù náà di ẹni tí ń mú lẹ́tà fò.

Ibẹ̀ gan-an ni Yorùbá ti kọsẹ̀. Láti ìgbà tí CMS ti pe ìpàdé ní Èkó ní 1875 lórí ọ̀nà ìkọ̀wé Yorùbá ni ọ̀rọ̀ àmì ti wà nílẹ̀. Unicode ní ọ ní odindi, ó ní ó ní odindi, ṣùgbọ́n kò ní ọ́: ńṣe ni kọ̀ǹpútà ń to àmì ohùn lé e lórí. Bí a bá wá ní kí lẹ́tà máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, àmì lè já kúrò lórí lẹ́tà rẹ̀. Ọkọ̀ a di ọkọ. Àwọn mìíràn kúkú bọ́ àmì dànù pátápátá, ìwọ̀sí gbáà sì ni fún èdè.

Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ara dáńfó kò ní àmì. Ṣùgbọ́n àdúrà àti òwe tí gbogbo èrò ọkọ̀ ti mọ̀ lórí ni wọ́n; akẹ́kọ̀ọ́ tó ń rí ọ̀rọ̀ tuntun lójú pátákó kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Odindi ọ̀rọ̀ ni ó yẹ kí ó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, bí ó ti ń ṣe lára ọkọ̀, pẹ̀lú fọ́ǹtì tó mọ àmì í gbé, bíi Noto Sans tàbí Charis SIL.